Wọ́n Gé Orí Akínfẹ́mi Kí Bàtà Festo Lè Hàn

Akínfẹ́mi Ìkúnayọ̀ kú lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan nínú oṣù kejì ọdún yìí, nílé rẹ̀ ní Jeddo lẹ́bàá Warri, lórí àga, pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́ta ni. Ọkàn rẹ̀ ló ṣíwọ́ iṣẹ́ láìdágbére fún ẹnikẹ́ni. Ó ga tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti ínǹṣì márùn-ún, débi pé káfíńtà tó wá wọn pósí rẹ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó rò pé òun ṣìrò ni.

A sin ín. Orí rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ nígbà tí a sin ín, èmi tí mo ń kọ èyí fúnra mi rí i. Mo ní láti sọ bẹ́ẹ̀ nítorí pé oṣù méje lẹ́yìn náà ni ilé iṣẹ́ kan ní Èkó gé orí yẹn dànù.

Ẹ jẹ́ kí n tètè ṣàlàyé. Ẹnikẹ́ni tó bá gbé Warri láàárín ọdún 1999 sí 2006 mọ Festo Faya. Festus ni wọ́n sọ ọ́ nílé. Ọkùnrin kúkúrú, olórin, ohùn rẹ̀ tóbi jù ú lọ, bàtà funfun rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi jù ú lọ. Nínú gbogbo fídíò rẹ̀ mẹ́rìnlá, ọkùnrin gíga kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń jó. Akínfẹ́mi nìyẹn. Haitẹ́nṣàn ni àwọn ọmọ Warri ń pè é, nítorí ó rí bí òpó irin tó ń gbé wáyà iná kọjá lórí ilé. Festo ló ń kọrin, àmọ́ ẹ sọ òótọ́, ta ni à ń wò?

Ẹsẹ̀ kọ́ ni Akínfẹ́mi fi ń jó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ojú ló fi ń jó. Irun ojú òsì á gòkè, tọ̀tún á sọ̀kalẹ̀ wá pàdé imú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á wú bí ẹni tó fọn bàlúùnù, etí méjèèjì á wá máa mì tẹ̀lé ìlù. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó dákú sẹ́rìn-ín nítorí etí yẹn, lójúde kan ní Enerhen. Mo ti rí obìnrin tó gbàgbé ọmọ sẹ́yìn lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì torí pé ó dúró wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní ọdún tó kọjá, Kedere Míídíà ti Èkó kéde pé àwọn fẹ́ fọ àwọn fídíò Festo mọ́, kí àwọn sì tún gbé wọn jáde ní HD. Èrò tó dára ni. Mo fara mọ́ ọn nígbà náà, mo sì fara mọ́ ọn títí dòní. Ọjà tó ti lórúkọ tẹ́lẹ̀, tí ẹ tún ṣe, tí ẹ tún pọ́n, kò sí ẹni tó kàwé ìṣòwò tí yóò bá yín jà. Ìṣòro kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀: níbo ni ojúlówó téèpù wà? Mẹ́ta wà nílé Festo ní Èkó, nínú yàrá tó ní ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ̀rọ náà ti ń jò sórí wọn fún ọdún mẹ́sàn-án. Olú ti hù lára wọn.

Mọ́kànlá yòókù wà ní Pessu, lókè ẹja.

Bẹ́ẹ̀ ni. Nígbà tí ẹni tó ya àwọn fídíò náà fẹ́ kó lọ sókè òkun, ó ní òun máa da téèpù nù. Akínfẹ́mi gba èyí tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó kó wọn sínú agolo bisikíìtì ńlá, ó gbé wọn lọ fún ìyá rẹ̀, Mama Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ìlàjẹ tó ń yan ẹja létí omi lẹ́yìn ọjà Pessu ní Warri. Mo bi Mama léèrè bí ó ṣe tọ́jú wọn.

"Ó ní omi ò gbọdọ̀ kàn wọ́n. Níbo ni omi kì í dé nílé wa? Orí pẹpẹ òkè ibi tí mo ti ń yan ẹja nìkan ni. Mo gbé wọn síbẹ̀, mo sì ń yí wọn."

"Ẹ ń yí wọn báwo, Mama?"

"Bí mo ṣe ń yí ẹja. Kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà gbẹ ju ìkejì lọ."

"Mama, téèpù kì í ṣe ẹja o."

"Ó bàjẹ́?"

"Kò bàjẹ́."

"Kí lo wá ń wí?"

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Mama fi yí téèpù. Oṣù kìíní ọdún yìí, Akínfẹ́mi gbé agolo náà lé itan, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, orúnkún rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ etí. Dẹ́rẹ́bà ní kó gbé e sí búùtù, ó kọ̀. Ẹlẹ́rọ tó ṣí i ní Kedere sọ pé òun ò rí téèpù àtijọ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ológbò àdúgbò kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì fún ọ̀sẹ̀ kan. Ohun kan ṣoṣo ni Akínfẹ́mi bẹ̀ wọ́n: "Ẹ kọ orúkọ mi sí i." Wọ́n ní, "Bros, no shaking."

Oṣù tó tẹ̀ lé e ló kú. Ṣé Kedere ránṣẹ́ ìbánikẹ́dùn? Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu. Mo béèrè.

Nígbà tó di oṣù kẹsàn-án, wọ́n ṣe ìfilọ́lẹ̀ ní Èkó, wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ ayélujára kí gbogbo ayé lè máa wò ó bó ṣe ń lọ. Mama àti Sharon, ọmọ Akínfẹ́mi obìnrin, ẹni ọdún mọ́kàndínlógún, jókòó ti fóònù. Adarí ètò ní kí gbogbo èèyàn dìde fún ìṣẹ́jú kan ní ìrántí. Mama dìde. Sharon náà dìde. Omi ti ń gbọ̀n lójú ìyá àgbà. Ni ọkùnrin náà bá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀: ní ìrántí àwọn téèpù mẹ́ta tí a pàdánù.

Sharon di apá ìyá rẹ̀ àgbà mú. "Grandma, abeg siddon. No be Daddy. Na cassette."

Ẹ gbọ́ o. Èèyàn pàtàkì mẹ́tàlélọ́gọ́rin, nínú aṣọ olówó ńlá, dákẹ́ jẹ́ẹ́ fún olú tó hù lára rọ́bà. Ẹni tó gba mọ́kànlá là, wọn ò rántí pé ó gbé ayé.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí Mama wá wò ó ní ọ́fíìsì mi ní Enerhen, torí tẹlifíṣọ̀n tèmi tóbi. Ó mú ìyá ìjọ mẹ́fà dání, gbogbo wọn nínú súùtánà funfun. A tan fídíò àkọ́kọ́. Ọlọ́run mọ̀ pé àwòrán náà mọ́! A rí fọ́nrán òwú tó já lára ṣòkòtò Festo. A rí ìwé iye owó tí wọn ò tíì ṣí kúrò ní ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀. A rí ewúrẹ́ kan lẹ́yìn ọ̀hún tó ń jẹ páálí, a sì lè ka irun àgbọ̀n rẹ̀.

Ni ṣẹ́ẹ̀tì pupa kan bá jó wọlé láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ó ní apá méjì, ó ní bọ́tìnnì. Ní ọrùn ni àwòrán parí sí.

Sharon ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Na Daddy shirt be dis. Where him head?"

"Ẹ mú sùúrù," ọ̀kan nínú àwọn ìyá ìjọ dá a lóhùn, "bóyá ó ń bọ̀ lẹ́yìn."

Mama dìde, ó rìn lọ bá tẹlifíṣọ̀n, ó sì gbójú sókè wo ara ògiri tó wà lókè rẹ̀, bí ẹni pé ibẹ̀ ni ìyókù ọmọ rẹ̀ wà.

A wo mọ́kọ̀ọ̀kànlá. Orí kò dé. Nínú fídíò keje nìkan, fún ìṣẹ́jú àáyá méjì, ojú rẹ̀ yọ, nítorí fìlà Festo jábọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ bá a mú un. Ìgbà tó tẹrí ba fún Festo nìkan ni wọ́n tó gbà kí a rí i. Ewúrẹ́ ńkọ́? Orí ewúrẹ́ pé. Ìwo rẹ̀ méjèèjì pé. Nígbà tí wọ́n ń to orúkọ ní ìparí, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ alásè, lọ́wọ́ ẹni tó gbé jẹnẹrétọ̀ wá, lọ́wọ́ àwọn tó ni ewúrẹ́, "àti àwọn mìíràn." Àwọn mìíràn ni Akínfẹ́mi.

Mo pe Kedere lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúṣínà ló gbé e. Mo tan ohùn fóònù sókè kí Mama lè gbọ́.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, mà. Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀, mà. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Ti ìsinsìnyí fẹ̀ gbọọrọ. Kí àwòrán tó lè kún un, a ní láti gé òkè tàbí ìsàlẹ̀."

Mama sún mọ́ fóònù. "Ọma mi, kí ló wà nísàlẹ̀?"

"Bàtà, mà."

"Bàtà ta ni?"

"Bàtà Festo, mà. Bàtà funfun yẹn. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ ò lè ṣe kí wọ́n má rí i."

"Kí ló wà lókè?"

"Ojú ọ̀run, mà."

"Àti kí ni?"

"Àti... Mama, nẹ́tíwọ́ọ̀kì yìí ń—"

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì dára. Olúṣínà, o ní bàtà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"O ní orí?"

"Mo ní, mà."

"Tí ọ̀gá rẹ bá ní kí o fi ọ̀kan sílẹ̀ ní ọ́fíìsì kí o tó máa lọ sílé, èwo lo máa fi sílẹ̀?"

Kí ọmọ náà tó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ òótọ́ kan fún mi, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: odindi àwòrán náà, láti òkè délẹ̀, wà lórí ẹ̀rọ wọn, ó ti mọ́, ó ti parí. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e jáde, ọ̀já dúdú díẹ̀ ni yóò kàn wà lápá òsì àti lápá ọ̀tún ojú tẹlifíṣọ̀n. Ta ni dúdú ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣọ̀n ti pa rí? Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, ó ní. Ẹnì kan lókè ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa gé.

Mo kọ lẹ́tà. Wọ́n fèsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé ìgbìmọ̀ yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò fún ẹ̀dà kejì, ní ìparí ọdún tó ń bọ̀. Ìgbìmọ̀! Láti gbé fáìlì kan jáde tó ti wà nílẹ̀! Mo ti rí ìgbéyàwó tí wọ́n fi ọjọ́ mẹ́rin ṣètò, tí ọkọ ìyàwó gan-an ò sì mọ̀ títí ó fi ku ọjọ́ kan. Festo ní tirẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí Mama: "Mama, Haitẹ́nṣàn na my blood." Lẹ́yìn náà ni ẹrù kan dé láti Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹ̀bùn ìtùnú. A tú u. Bàtà funfun ni, Festo fọwọ́ sí i lára. Nọ́ńbà mọ́kàndínlógójì. Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni Akínfẹ́mi ń wọ̀.

Mama wo bàtà náà, ó ní kí a gbé e fún ewúrẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ìdí tí mi ò fi lè ní sùúrù tí Kedere ń wàásù rẹ̀. Omíyalé ti kó gbogbo fọ́tò ìdílé yìí lọ. Fọ́tò pélébé kan ló kù, èyí tí Akínfẹ́mi fi gba káàdì ìdánimọ̀, wọ́n sì ní kó má rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ojú òsì Mama ti lọ pátápátá. Dókítà ojú ní ti ọ̀tún náà ń ṣú lọ, kò sí oògùn tó lè dá a padà, kò sì lè ṣèlérí pé yóò ṣì máa ríran títí di Kérésì. Ohun kan ṣoṣo ni obìnrin yìí ń béèrè: kí òun rí ojú ọmọ òun tó ń jó, kí etí yẹn mì lójú òun lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó wà lórí ẹ̀rọ kan ní Èkó. Òun ló yí i bí ẹja fún ọdún mẹ́rìndínlógún kó má baà bàjẹ́. Ẹ wá ní kó dúró de ẹ̀dà kejì?

Ó dáa. Kedere ń bọ̀ wá ṣàfihàn fídíò wọ̀nyí ní gbọ̀ngàn kan níbí ní Warri lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Mo ti gba ìlà méjì àkọ́kọ́, ogójì àga. Mo ti rí èèyàn mọ́kàndínlógójì tí yóò jókòó síbẹ̀. Mọ̀lẹ́bí Akínfẹ́mi láti etíkun pọ̀ nínú wọn, mẹ́rin ń gbá bọ́ọ̀lù àjùsáwọ̀n, ìyá ìjọ méjì sì ti ṣèlérí gèlè. Kò sí ẹni tó rẹlẹ̀ sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà. Mo fi okùn wọ̀n wọ́n. Mama ló ni àga kan tó kù. Ẹni tó bá jókòó sẹ́yìn wọn, kó lọ máa fojú inú wo HD.

Mi ò fẹ́ kó dé ibẹ̀. Ohun tí a fẹ́ kéré: fídíò mọ́kànlá náà lódindi, láìgé, pẹ̀lú orúkọ Akínfẹ́mi Ìkúnayọ̀ lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Pessu kó tó di ti ẹnikẹ́ni mìíràn. Kí ẹ sì sọ orúkọ ẹni tó wo orí èèyàn, tó wo bàtà, tó wá fọwọ́ sí bàtà. Kí ẹni náà wá sọ ìdí rẹ̀ fún Mama lójúkojú, nígbà tí Mama ṣì lè rí ojú rẹ̀. Mo fún yín di ọjọ́ Jímọ̀ tó ṣáájú ìfihàn náà, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.