Wọ́n Wági Lọ

Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti rà kọjá bó ṣe yẹ ló jí mi láàárọ̀ ọjọ́ náà nílé wa n'Ígbó-Ọrà. Màmá mi, tí gbogbo àdúgbò máa ń yin láfún wọn, ti rẹ ẹ̀gẹ́ sínú ìkòkò, wọn ò sì kó o mọ́. Orí ẹní ni wọ́n wà, wọ́n kọjú sí ògiri, oyún oṣù mẹ́fà nínú wọn. Bí mo bá béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n, "Ó rẹ̀ mí" náà ni.

Ṣáájú oyún yìí, wọ́n ti bí ìbejì tí kò dúró. Lọ́dọ̀ wa, a kì í sọ pé ìbejì kú. Wọ́n wági lọ ni. Èmi tí mo gba ọ̀rọ̀ gbọ́ máa ń wo ọ̀nà oko bóyá wọ́n ń bọ̀. "Omi ló dànù, agbè ò fọ́," ni ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, fi tù wọ́n nínú, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Ìbàdàn ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, wọn kì í sábà wálé. Gbogbo ẹni tó bá sì yà kí wa ní àdúrà kan náà lẹ́nu: "Ẹ̀jìrẹ́ ló ń bọ̀ o, Ìyá Ṣadé." Màmá mi á ṣe àmín. Tí àlejò bá lọ, wọn ò ní í jẹun mọ́. Mo rò pé wọn ò fẹ́ ọmọ inú wọn ni, bóyá wọn ò sì fẹ́ èmi náà. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo máa ń fọ abọ́ tí ò dọ̀tí.

Ìyá àgbà mú wọn lọ sílé ìwòsàn, mo tẹ̀ lé wọn. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé, "Ṣé ara ló rẹ̀ yín ni, àbí ọkàn?"

"Àwọn ọmọ mi kú," ni màmá mi dáhùn.

"Má sọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyá àgbà wí.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, Màmá," ni nọ́ọ̀sì sọ fún ìyá àgbà. " Ẹni tó ti pàdánù ọmọ rí, tí ọkọ ò sí nítòsí, tí ò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn lè bá a nínú oyún. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe àìmoore."

Láti ọjọ́ náà, ìyá àgbà gbé àpótí síwájú ilé, wọ́n ń kìlọ̀ fún àlejò: "Ẹ kí i pé ẹ kú àárọ̀. Ẹ fi ti ẹ̀jìrẹ́ sílẹ̀." Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìrẹ̀wẹ̀sì náà ò tán lọ́jọ́ kan. Wọ́n bí àbúrò mi tán, ó tún tó ìgbà díẹ̀ kí n tó gbọ́ ẹ̀rín màmá mi.

Ọmọdé tí mo jẹ́ ò mọ̀ pé èèyàn lè fẹ́ ọmọ dọ́kàn kó sì máa sunkún. Mo mọ̀ ọ́n báyìí. Lóṣù tó kọjá, l'Érúwà tí mo ti ń ṣe tíṣà, oyún wà nínú mi, omijé sì ń dà lójú mi. Mo pe màmá mi lórí fóònù, mo ní, "Màámi, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Wọn ò gbàdúrà kankan. "Máa sọ̀rọ̀, Ṣadé, mò ń gbọ́," ni wọ́n wí. "Mo ti ń rìn lọ sí gáréèjì."