Ìkíni Tí Kọ́lápọ̀ Kí Tíṣà Àrìnkẹ́

Gbogbo wa ní àdúgbò wa l'Ùsì-Èkìtì la máa ń fi Kọ́lápọ̀ káfíńtà ṣe yẹ̀yẹ́. Bó bá wà lórí òrùlé tó ń kan pákó, tí àgbà kan bá ń kọjá nísàlẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀ wá dọ̀bálẹ̀, á tún gùn padà. Adétúnjí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Adétúnjí yìí náà ló fi ilé ìwé sílẹ̀ nígbà tí bàbá wọn kú, tó ń roko kí àbúrò rẹ̀ lè rí iṣẹ́ kọ́.

Lọ́dún tó kọjá, ojú Adétúnjí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, kò ríran dáadáa mọ́. Ilé ìwòsàn kan l'Ékòó ní kó wá, Kọ́lápọ̀ sì mú un lọ. Ọ̀dọ̀ Fúnmilọ́lá, ọmọ Adétúnjí, ni wọ́n dé sí. Ọmọ náà ní kí wọ́n wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gbé èrò láàárín ìlú, pé kò ní í pẹ́ lójú ọ̀nà.

Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bọ̀dá Kọ́lápọ̀, ẹ má fi ọwọ́ bàbá mi sílẹ̀ o. Ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni.”

Ọkọ̀ dé lóòótọ́. Kọ́lápọ̀ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé, ó fi í jókòó. Bóun náà ṣe fẹ́ jókòó ló gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ láti ìta. Ta ló rí? Tíṣà Àrìnkẹ́ tó kọ́ ọ níwèé ní kíláàsì kejì, tó wá kí ọmọ rẹ̀ l'Ékòó! Kọ́lápọ̀ bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì.

“Kọ́lápọ̀! Ará ulé ńkọ́? Uṣẹ́ ńkọ́? Uyàwó rẹ ńkọ́?”

Ó ń dá ìyá lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, àyà rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, nígbà tí ilẹ̀kùn ọkọ̀ pa dé. Ó fò dìde, ó ń gbá gíláàsì. Ó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nínú ọkọ̀, tó ń fọwọ́ wá a lórí àga tó ṣófo.

Inú bí mi nígbà tó sọ fún mi. Síbẹ̀, kí n má purọ́, èmi náà ì bá dọ̀bálẹ̀.

Ibùdókọ̀ tó kẹ́yìn ni Kọ́lápọ̀ ti rí Adétúnjí, lẹ́yìn wákàtí kan àti ààbọ̀. Ojú ti bàbá láti ní kí àjèjì mú òun lọ tọ̀. Ṣòkòtò rẹ̀ ti tutù, ó sì ti fi fìlà bo itan.

Ó béèrè pé, “Kọ́lápọ̀, ṣé ìwọ ni?”

“Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n. Èrò ló tì mí bọ́ sílẹ̀.”

Wọn ò bá dókítà mọ́. Ilé ìwòsàn ní kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Nígbà tí wọ́n padà délé, Adétúnjí sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó sọ ọ́ lọ́jà, pé èrò Èkó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àbúrò òun nítorí òun. Àwọn èèyàn ń gbàdúrà fún Kọ́lápọ̀. Ó sọ fún mi pé gbogbo “àmín” tóun ń ṣe ń ta òun bí ẹ̀gún. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó lọ kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

Adétúnjí ní, “O kí tíṣà rẹ, kò burú. Ṣùgbọ́n o pa urọ́ fún mi, èmi náà gbé e ká ùlú.” Lẹ́yìn náà ó ní òun ti dárí jì í, wọ́n sì jọ jẹ iyán.

Nígbà tí oṣù kẹta pé, Kọ́lápọ̀ wẹ̀ láàárọ̀, ó wọ bàtà, ó lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Fúnmilọ́lá ló bá níwájú ilé, tó ń gbé báàgì sínú ọkọ̀. Bàbá rẹ̀ ló ti pè é lórí fóònù pé kó ti Èkó wá mú òun.

Kọ́lápọ̀ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Adétúnjí kí i dáadáa, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́, ó ń wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀.