Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Ènìyàn

Ó ti rẹ̀ mí láti máa wá ọ̀rọ̀ yìí. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, àwọn tó gbéṣẹ́ fún mi sì fẹ́ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún bí ènìyàn ṣe jẹ́ ara rẹ̀, tí kò jẹ́ ẹlòmíràn. Mo kọ "ìdádúró," mo pa á rẹ́. Mo kọ "ìyàtọ̀," ìyẹn náà ò tẹ́ mi lọ́rùn. Èyí tó ń sọ sí mi lọ́kàn láti àárọ̀ ni èyí tí mo gbọ́ lẹ́nu màmá mi ní Amukoko, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ajégúnlẹ̀ ní Èkó, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fi bẹ́ẹ̀ sọ mọ́: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn.

Àpò ni màmá mi ń tún ṣe. Awakọ̀ tírélà kan ló máa ń kó àpò ìrẹsì àti ti ìyẹ̀fun tó ti ya wá fún un láti àwọn ilé ìkẹ́rù Creek Road. Á fọ̀ wọ́n, á fi abẹ́rẹ́ ńlá rán wọn, á tà wọ́n fún àwọn oníṣòwò gaàrí. Eruku wọn ò jẹ́ ká mí dáadáa nínú yàrá kan ṣoṣo tí à ń gbé. Kò sẹ́ni tó mọ orúkọ rẹ̀ nínú ilé náà. Orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àkọ́bí rẹ̀, ni wọ́n fi ń pè é, Ìyá Lágbájá, bí a ṣe ń pe obìnrin tó bá ti bímọ. Bàbá mi gan-an, tó ń ru ẹrù ní èbúté Apapa, orúkọ yẹn ló máa ń ké láti ẹnu ọ̀nà.

Ibà pa ẹ̀gbọ́n mi nígbà tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ Ajégúnlẹ̀, mo ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà lọ sin ín, wọn ò jẹ́ kí bàbá àti màmá mi tẹ̀ lé wọn, torí òbí kì í rí oórì ọmọ. Àwọn obìnrin ilé jókòó yí màmá mi ká: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Bí a ṣe ń kí ẹni tí ọmọ kú fún nìyẹn, pé yóò tún bí òmíràn. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, wọ́n ti fohùn ṣọ̀kan láìsọ fún un. Wọ́n yọ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára rẹ̀, wọ́n fi tèmi sí i. Àánú ni wọ́n fi ṣe é, kí orúkọ olóògbé má baà máa dún sí i létí lójoojúmọ́.

Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Àpò rẹ̀ ló ń rán lọ. Obìnrin ará Warri tó wà ní yàrá kejì yọjú sí i.

"Mama, dem dey call you o."

"Èmi kọ́ ni wọ́n ń pè."

Wọ́n lọ fi ẹjọ́ rẹ̀ sun ìyá onílé, àgbà tí gbogbo wa ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí. Ìyá onílé wá jókòó tì í. "Ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni? A ò fẹ́ kó máa dùn ẹ́ ni. Omi ló dànù, ọmọ mi."

Màmá mi kúnlẹ̀ kó tó fèsì. "Ẹ ṣé, mà. Ṣùgbọ́n ọmọ mi kì í ṣe omi. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn ni. Èyí tó kù yìí náà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ènìyàn ni. Tí ẹ bá fi ìkejì dí àyè ìkíní, ẹ ti gba àwọn méjèèjì lọ́wọ́ mi nìyẹn."

Ọ̀rọ̀ náà yé ìyá onílé, ó mi orí títí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ò jẹ́ kí ará ilé lè pe orúkọ òkú mọ́. Nígbà tó yá, ó rẹ màmá mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí tèmi. "Hùn," á ní, kò ní gbójú sókè. Inú bí mi sí gbogbo wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ni mo ṣe tí orúkọ mi fi di ohun tó ń dun ìyá mi? Tó bá wò mí, ó máa ń ṣe mí bíi pé ẹlòmíràn ló ń wá.

Mo ti wà ní yunifásítì kí awakọ̀ tírélà ijọ́sí tó tún yọjú. Òkè Ọya ló ti ń ná láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ṣì wà láyé, awakọ̀ mìíràn ló wá ń kó àpò fún màmá mi, kò sì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Mo wálé lọ́jọ́ náà. Ó dúró lẹ́nu géètì, ó fi orúkọ àtijọ́ yẹn pe màmá mi, ó sì ń pariwo, "Ọmọ wa ńkọ́? Á ti ga jù mí lọ báyìí!"

Obìnrin ará Warri fọwọ́ bo ẹnu. Àwọn yòókù ń ṣẹ́jú sí ọkùnrin náà pé kó dákẹ́. Màmá mi fi abẹ́rẹ́ sílẹ̀.

"Ẹ tún mi pè."

Ó rò pé eré ni, ó rẹ́rìn-ín, ó tún un pè.

"Ẹ̀ẹ́n!" Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn yẹn kẹ́yìn. Màmá mi dìde, omijé ń dà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Ó ti kú o. Ẹ wọlé ẹ jókòó, kí n sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín." Ó wá nawọ́ sí mi, ó pe orúkọ mi, kò fi "ìyá" kankan ṣáájú rẹ̀. "Àbúrò rẹ̀ nìyí. Ẹni tòun lọ́tọ̀ ni."