Ọjọ́ Tí Mo Dán Etí Yèyé Mi Wò

Bí kòkó bá ti lo ọjọ́ mẹ́ta lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, òórùn rẹ̀ á kan díẹ̀, á tún dùn díẹ̀, bí ẹmu àná. Òórùn yẹn ló gba gbogbo abà wa lẹ́yìn ìlú Ìṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀yin tí a jọ ṣe kékeré mọ̀ ọ́n. Yèyé mi jókòó ti òkìtì kòkó tuntun, ó ń fi àdá là á. Èmi ń yọ wóró rẹ̀ sínú agbọ̀n, mo sì ń lá omi dídùn ara rẹ̀. Délé, àbúrò mi, ń sùn lẹ́yìn mi.

Ọdún tó yẹ kí n wọ ilé ìwé ni wọ́n bí Délé. Wọ́n ní kí n dúró máa pọ̀n ọ́n. Bí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ti ń kọjá pẹ̀lú síléètì, màá máa fojú sìn wọ́n lọ. Lọ́jọ́ kan mo sọ ọ́ nínú mi, ẹnu mi ò mì: "Ọmọ yìí ì bá kúkú padà síbi tó ti wá." Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ibà mú un, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò.

Ibà lọ o, ẹ̀rù tèmi ò lọ. Yèyé mi a máa wí fún wa pé, "Gbogbo ohun tí ẹ ń sọ nínú ni mò ń gbọ́." Mo gbà á gbọ́. Kò sí ìgbà tí mo rò ó láti yọ ẹran nínú ìkòkò tí kì í mọ̀. Mo ní ó ti gbọ́ ohun tí mo sọ sí Délé, ó kàn ń wò mí níran ni. Oúnjẹ ò lọ lọ́fun mi mọ́.

Ni mo bá ní kí n dán an wò láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tẹjú mọ́ ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, mo pariwo nínú mi bí agbára mi ṣe mọ: "Yèyé, àkekèé! Àkekèé wà lẹ́sẹ̀ yín!"

Yèyé mi la kòkó mìíràn. Mo tún pariwo. Ó fi ẹsẹ̀ kan nu èkejì, ó ń kọrin rẹ̀ lọ. Obìnrin tó jẹ́ pé bó bá rí òjìji àkekèé lásán, á fò bí ẹtu!

Kò gbọ́! Èmi nìkan ni mo wà nínú mi. Ẹ̀rín pa mí títí Délé fi jí.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín, ìwọ wèrè yìí?" ni yèyé mi bi mí.

Bóyá ara tó tù mí ló fà á, mi ò mọ̀. Ohun tí mo ti ń fi pamọ́, ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́ tán, láti orí síléètì dé orí ibà. Yèyé mi gbé àdá sílẹ̀. Mo ti ń wo ọ̀nà tí mo máa gbà sá.

"Ṣé èyí ni ò jẹ́ kí o jẹun?" ló wí. "Èmi tí mo bí i, ọjọ́ tó sunkún láti àárọ̀ dalẹ́, èmi náà rò ó. Ẹ̀ẹ̀mejì. Ibà ò gbọ́ tèmi, tìrẹ ni yóò gbọ́? Máa yọ kòkó rẹ, jàre."

Mo ti dàgbà ju bí yèyé mi ṣe wà lọ́jọ́ náà lọ. Ohun tó dùn mọ́ ọmọdé tí mo jẹ́ nígbà yẹn nínú ni pé kò sẹ́ni tó lè gbọ́ ohun tó ń lọ nínú òun. Èmi tí mo jókòó yìí, ohun tó ń tù mí lára ni pé ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà ń rò ó. Bí ọmọ mi kan bá bímọ, tó rẹ̀ ẹ́, tí kò fẹ́ kí ojú wa ṣe mẹ́rin, mi ò ní kó sọ nǹkan kan. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ ohun tí èmi náà ti rò rí. Èjìká rẹ̀ á sì wálẹ̀.