Ààrò Dísẹ̀lì Tí A Gbé Wọ Ilé Màmá

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fi iṣẹ́ sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí nítorí ààrò búrẹ́dì! Tí mo bá rántí rẹ̀ báyìí, ẹ̀rín ló máa ń pa mí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó ṣẹlẹ̀ gan-an, ẹ̀rín kọ́ o.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ṣakí mọ̀ pé búrẹ́dì ni mò ń ṣe. Ìyá Sófíà Oníbúrẹ́dì, èmi náà nìyẹn. Ilé ìdáná tó wà lẹ́yìnkùlé wa ni mo ti ń yan án, igi ni mo sì fi ń dáná láti ìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Èéfín igi ọ̀hún, háà! Tí mo bá jáde níbẹ̀ láàárọ̀, ojú mi á ti pọ́n. Bàbá Sófíà, ọkọ mi, á wá máa bi mí pé ta ló nà mí, kí òun lọ bá mi gbẹ̀san. Ṣé ẹ rí i pé aláwàdà ni?

Èmi lè fara da èéfín. Màmá ni kò lè fara dà á. Màmá ló bí ọkọ mi, òun ló ni ilé tí gbogbo wa ń gbé, fèrèsé yàrá rẹ̀ sì kọjú sí ilé ìdáná yẹn gan-an. Ikọ́ fée ń bá a jà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, díẹ̀ ló kù kí ikọ́ yẹn gbẹ̀mí rẹ̀. Dókítà tó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa láìfepo-bọyọ̀ pé èéfín ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ ìyá yìí mọ́.

Nígbà tí a délé, Màmá pè mí jókòó. Ó ní òun fẹ́ràn iṣẹ́ mi, òun sì fẹ́ràn búrẹ́dì mi, àmọ́ òun fẹ́ràn èémí òun jù ú lọ. Ó ní tí èéfín bá tún wọ yàrá òun, kí n yáa gbé búrẹ́dì mi lọ síbòmíì. Ṣé mo fẹ́ bá a jiyàn ni? Àti pé ibòmíì wo ni mo ní?

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ààrò tó ń lo dísẹ̀lì. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣe búrẹ́dì, tó wà ní Ìsẹ́yìn, ló júwe Múfú fún mi. Irin ni Múfú ń jó níbẹ̀, ó sì máa ń ṣe irú ààrò bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọkùnrin yìí kì í dákẹ́! Ó ń jó irin, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ń jẹun, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní kò sí ààrò tí òun ṣe rí tó da èéfín sínú ilé, pé tí tèmi bá dà á, kí n mú irin kí n fi na òun.

Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré ẹ̀ o, ó mọṣẹ́. A wó ààrò amọ̀ àtijọ́, a tú àjà igi tó wà lókè rẹ̀. A kó gbogbo ohun tó wà lórí àjà yẹn jáde: àwọn ìdì àgbàdo tí èéfín ti sọ di dúdú, agbọ̀n tó ti ya, kí ni kò sí níbẹ̀? Mo kó wọn jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Màmá, mo bá tèmi lọ.

Múfú da kọnkéré sílẹ̀ kó tó gbé ààrò lé e. Èmi fẹ́ kí táǹkì epo wà nínú ilé ìdáná lọ́dọ̀ mi kí olè má baà fà á. Ó ní rárá o, ìta ni táǹkì máa wà, lábẹ́ ìbòji, kó jìnnà sí iná. Ó fi táàpù sára páìpù epo níwájú ẹnu ọ̀nà, kí èèyàn lè ti epo pa láì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ó lu ihò sára ògiri kí afẹ́fẹ́ lè máa wọlé. Lẹ́yìn náà ló gbé páìpù èéfín gba orí páànù jáde, ó jẹ́ kó ga ju òrùlé ilé lọ, ó wá fi fìlà irin dé e nítorí òjò, ó fi àyè sílẹ̀ lábẹ́ fìlà náà kí èéfín lè ráyè jáde. Garawa iyanrìn náà wà lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tí epo bá gbiná, iyanrìn ni o, omi kọ́! Ó sọ ọ́ títí mo fi lè kà á láìwòwé.

Ọjọ́ tí a dán an wò ńkọ́? Alhamdulilahi! Iná dún hùù, ilé ìdáná mọ́ roro, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba òkè lọ. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í jó! Màmá jáde sí àgbàlá, ó gbójú sókè, ó wo èéfín yẹn títí. Ó wá bi mí pé ṣé gbogbo èéfín yìí kàn ń lọ lásán ni? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni Màmá, ibi tí adùn rẹ̀ wà nìyẹn! Ó mi orí, ó wọlé. Inú mi dùn débi pé mi ò tiẹ̀ rò ó pé kí ló dé tó fi béèrè.

Àwọn kan ládùúgbò wa fẹ́ ṣe wòlímà ọmọ wọn, èmi ni wọ́n sì gbé iṣẹ́ búrẹ́dì fún. Múfú ní òun ò ní padà sí Ìsẹ́yìn àfi tí òun bá jẹ nínú búrẹ́dì tí ààrò òun kọ́kọ́ yan. Ó lọ sùn sọ́dọ̀ ìbátan rẹ̀ kan nígboro. Èmi gba ọjà lọ lọ́sàn-án, mo lọ ra fúláwà, mo pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyẹ̀fun tí mo pò ti wú, ó ti kún inú agolo. Ìyá Ìdáyà, aládùúgbò wa tó máa ń bá mi ṣiṣẹ́, ti dé. Mo ní bisimilahi, mo ṣí táàpù epo, mo tan iná. Hùù! Mo yí padà sí Ìyá Ìdáyà, mo ní ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀? Mi ò tíì pa ẹnu dé tí èéfín dúdú fi bú jáde lẹ́nu ààrò! Dúdú bíi kóòtà ojú títì! Láàárín ìṣẹ́jú kan, mi ò rí ọwọ́ ara mi mọ́.

Ìyá Ìdáyà ti gbé omi sókè. Mo pariwo mọ́ ọn pé omi kọ́, omi kọ́, ẹ sọ ọ́ sílẹ̀! Mo táwọ́ títí mo fi kan táàpù, mo ti epo pa, a sáré jáde. Iná kú. Èéfín ni ò kú. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, ó sì doríkọ fèrèsé Màmá tààràtà.

Subuhanalahi! Mi ò mọ bí mo ṣe dé yàrá yẹn. Màmá jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó di àyà mú, ikọ́ ò jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Mo gbá a mọ́ra, mo mú un gba ẹnu ọ̀nà iwájú lọ sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Sófíà sáré gbé oògùn tó máa ń fín sẹ́nu wá. Ó fín in, ó tún un fín. Ìyá Ìdáyà ń fẹ́ ẹ. Èmi ń pe Ọlọ́run ní gbogbo orúkọ tí mo mọ̀.

Nígbà tó yá, èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í balẹ̀. Ó la ojú, ó wò mí. Kò lè sọ̀rọ̀, àmọ́ ó na ìka sí ilé ìdáná, ó wá mi orí. Ó yé mi yékéyéké. Mo jókòó sórí ilẹ̀ ní gbangba, mo bú sẹ́kún. Kì í ṣe nítorí búrẹ́dì nìkan o. Ẹ̀rù bà mí ni! Ṣé èmi ni mo fẹ́ fi ọwọ́ ara mi pa ìyá ọkọ mi?

Múfú ti gun ọ̀kadà dé, ó ti múra sílẹ̀, búrẹ́dì ló ń bọ̀ wá jẹ. Mo gbára dìde, mo bi í pé irin wo ni kí n fi nà án! Ó ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ó ní omi ló wà nínú epo. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí omi kankan. Ó ní mo ti fọwọ́ kan nǹkan. Mo ní kí lèmi fẹ́ fọwọ́ kàn? Ó tú ibi tí iná ti ń jáde palẹ̀, ó nù ún, ó wò ó síwá sẹ́yìn, ó mọ́ tónítóní. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, Múfú dákẹ́.

Ibẹ̀ ni Ìyá Ìdáyà ti fín imú. Ó ní ta ló ń sun àgbàdo?

Àgbàdo sísun, nínú ọyẹ́? Gbogbo wa fín imú. Òótọ́ ni! Òórùn àgbàdo sísun gba gbogbo àgbàlá kan. Múfú rìn sẹ́yìn, ó rìn sẹ́yìn, ó gbójú sókè sí òrùlé, ó lanu, kò lè pa á dé. Èmi náà wò ó. Ẹ̀yin èèyàn mi, páìpù ti wé láwàní! Ìdì àgbàdo ló yí ọrùn rẹ̀ ká lábẹ́ fìlà irin yẹn, gbogbo ibi tó yẹ kí èéfín gbà jáde ni wọ́n dí pa, wọ́n wá fi àpò wé e lókè, wọ́n fi okùn dì í gírígírí. Èéfín ń rú díẹ̀díẹ̀ lára àpò.

Múfú ké pé ta ló ṣe èyí? Mo wo Bàbá Sófíà. Bàbá Sófíà ń wo sálúbàtà rẹ̀. Mo wo Màmá. Màmá náà ń wo igi máńgòrò bí ẹni tí kò rí i rí!

Bàbá Sófíà ló kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Ó ní nígbà tí mo lọ sọ́jà ni Màmá ní kí òun gbé àkàsọ̀ kí òun bá Màmá so àgbàdo irúgbìn rẹ̀ síbi tí èéfín wà. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ rẹ̀ ló wà nígbà tí Múfú ń ṣàlàyé iṣẹ́, kò mọ̀ pé kò yẹ kí nǹkan dí ibẹ̀. Ó tún fi àpò wé e kí ẹyẹ má baà ṣà á jẹ. Mo ní gbogbo ìgbà tí Múfú ń tú irin yẹn palẹ̀ ńkọ́, kí ló dé tí ẹ dákẹ́? Ó ní òun ò rò ó pé àgbàdo ni, pé nígbà tí òun sì máa rò ó, ojú mi ti le jù!

Màmá ti rí ohùn báyìí. Ó ní àgbàdo yẹn, ọwọ́ ìyá òun ni òun ti gbà á, kò sí irú rẹ̀ lọ́jà. Láti ìgbà tí òun ti délé ọkọ, orí àjà ààrò ló máa ń wà títí òjò á fi rọ̀, èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ ẹ́. Ó wá yí ojú sí mi, ó ní, “Ẹ wó ààrò mi. Kò sẹ́ni tó bi mí pé níbo ni irúgbìn mi máa wà.”

Háà. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo kúnlẹ̀, mo ní Màmá, ẹ forí jì mí. Òun náà ní kí n forí ji òun. Èmi ń sunkún, ó ń sunkún. Ibi tí a dé nìyẹn tí Múfú fi sọ pé láti ìgbà tí òun ti ń jó irin, òun ò rí páìpù tó ń sun àgbàdo rí. Màmá ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín! Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi bẹ̀ ẹ́ pé kó ṣe jẹ́jẹ́ nítorí ikọ́.

Nígbà tí páìpù tutù, Bàbá Sófíà fúnra rẹ̀ ló gòkè lọ tú u. Àwọn àgbàdo tó wà lápá inú ti jóná. Múfú ní kí ẹnikẹ́ni má jẹ ẹ́, èéfín epo ti bà á jẹ́. Ó tún sọ fún Màmá pé èéfín dísẹ̀lì ò dà bíi ti igi, kò dáa fún irúgbìn rárá. Ìyà kan ò jẹ wá ṣá, gbogbo rẹ̀ kọ́ ni wọ́n so, ìdì tó pọ̀ ṣì wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Èmi àti Màmá jọ yin ín, a sá a gbẹ dáadáa, a pò ó mọ́ eérú àti ata gbígbẹ, a rọ ọ́ sínú kẹ́ẹ̀gì, a dé e pa.

Búrẹ́dì wòlímà ńkọ́? Múfú gbọn páìpù, ó yẹ gbogbo rẹ̀ wò, a tún iná tàn. Màmá ò fẹ́ wọlé. Ó ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Ìyẹ̀fun ti fẹ́ wú jù, búrẹ́dì yẹn rí wúruwùru díẹ̀, àmọ́ ó dùn! Wọ́n kó o lọ ní gbígbóná, kò sẹ́ni tó ráhùn. Múfú nìkan jẹ odidi kan, ó sì ń sọ̀rọ̀ títí tó fi tán.

Mo bu ti Màmá fún un, mo ń retí ohun tó máa sọ. Ó jẹ ẹ́, ó wo òkè, ó fa èémí gígùn kan sínú, ó tú u jáde. Kò wúkọ́. Ó ní kí ààrò máa wà níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀mí wa balẹ̀. Mi ò kì í tan iná láì kọ́kọ́ jáde sí àgbàlá wo orí páìpù. Àmọ́ ohun tó ń dùn mọ́ mi jù ni pé Màmá ti ń ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ báyìí nígbà tí mo bá ń yan búrẹ́dì. Ó ní òórùn rẹ̀ ni òun fẹ́ máa gbọ́. Fèrèsé tó ń tì tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi! Tí mo bá rí i tó jókòó síbẹ̀ tó ń mí fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́rẹ́, mo máa ń fẹ́ jó.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé: tí ẹ bá fẹ́ gbé ohun tó ń jó epo wọ ilé, ẹ wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹ gbé táǹkì síta, ẹ jẹ́ kí èéfín rí ọ̀nà jáde. Ṣùgbọ́n ẹ pe gbogbo ará ilé jọ kí ó ṣàlàyé fún wọn, kì í ṣe ẹ̀yin nìkan. Kí ẹ sì tó wó ohunkóhun, ẹ bi àwọn àgbà ilé pé kí ni wọ́n ń fi ibẹ̀ ṣe.

Ó yá, ó kàn yín! Kí ni ẹ gbé wọlé tí àwọn ará ilé yín fi ṣe ohun tí ẹ ò lérò? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Èmi àti Màmá la jọ ń kà á, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ èyí tó máa pa á lẹ́rìn-ín!