Tapólì Orí Kòkó

Inú ọkọ̀ ojú omi la ti ń wọn ooru àti ọ̀rinrin tí òkun ń tú sáfẹ́fẹ́. Òórùn tapólì tútù tí a fi bo ẹ̀rọ wa ló gbé mi padà sí abúlé wa nítòsí Iléṣà.

Lọ́jọ́ kan nígbà èwe mi, kòkó tó ń rùn bí ọtí kíkan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ lórí ẹní. Atẹ́gùn ṣàdédé tutù.

"Bàbá, òjò ń bọ̀! Ẹ jẹ́ ká fi tapólì bo kòkó," ni mo wí.

Àlejò tó jókòó ti Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi ti di wòlíì!"

Bàbá ní, "Panu mọ́."

Òjò dé, kòkó rin gbingbin. Èmi náà ni Bàbá nà, wọ́n ní kí ló dé tí mi ò sọ. Wọ́n gbọ́ mi dáadáa. Wọn ò kàn fẹ́ kí àlejò rí i pé ọmọdébìnrin ń darí àwọn.

Lónìí, tí mo bá ní atẹ́gùn ti yí, ọ̀gá ọkọ̀ á ní ká tètè bo ẹ̀rọ. Bàbá ò tíì bẹ̀ mí.