Àtíòro Ẹlẹ́ẹ̀há ti Oko Wásinmi

Ìró ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń gé igi ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí n tó rí igi rárá. Mo ti ń lọ sí oko yẹn, lẹ́yìn Wásinmi, láti ìgbà tí òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀, nítorí abo àtíòro kan tó wà nínú ihò igi ọ̀gànwó.

Bí abo àtíòro bá fẹ́ yé ẹyin, á wọ inú ihò igi, á sì fi ẹrẹ̀ dí ẹnu ihò náà mọ́ ara rẹ̀, àfi àlàfo tóóró tí ṣóńṣó ẹnu rẹ̀ lè gbà jáde. Akọ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún un. Inú ihò yẹn náà ni ìyẹ́ apá rẹ̀ yóò ti re dànù, kí tuntun tó hù. Kò lè fò. Bí igi bá wó, á kú síbẹ̀.

Mo sáré. Kámẹ́rà mi àti lẹ́ǹsì rẹ̀ tó gùn bí ọmọ odó ń gbá mi nígbàáyà. Agégẹdú ti gbé ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dúró lẹ́bàá igi náà. Bàbá tó ni oko ń fi àdá ṣán koríko ìdí rẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e! Ẹyẹ wà nínú ẹ̀!"

"Oníkámẹ́rà, o ò tilẹ̀ kí wa."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ kú iṣẹ́."

Agégẹdú pa ẹ́ńjìnnì. "Ẹyẹ nínú igi? Ṣé ẹja lẹ rò pé a máa bá níbẹ̀ ni?"

Mo ṣàlàyé bó ṣe rí fún wọn. Agégẹdú rẹ́rìn-ín títí ó fi gbé ẹ́ńjìnnì sílẹ̀. "Ó ti ara ẹ̀ mọ́lé, ọkọ ń gbé oúnjẹ wá? Bàbá, ẹyẹ ẹlẹ́ẹ̀há nìyẹn! Ọkọ ẹ̀ wá dà?"

"Ariwo yín ló lé e."

"Àbí ó ti fẹ́ ìyàwó kékeré sí Ewékorò."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ìjì ti ṣí òrùlé rẹ̀, pákó ló sì ń wá. "Ọmọ mi, àwòrán ò lè bo ilé. Bí ẹyẹ bá wà níbẹ̀, kí n fi ojú ara mi rí i. Lọ́ọ̀rì ń bọ̀ kí oòrùn tó kàn tàrí. Bí n ò bá rí nǹkan kan títí ó fi dé, a máa gé e."

Àdìrẹ tó bàjẹ́ nínú ìkòkò aró màmá mi ni mo rán bí àgọ́ tí mo fi ń sá pamọ́ fún ẹyẹ. Ẹni méjì lè fún ara wọn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n wọn ò kọ́ mi nílé kéú pé kí n bá ọkùnrin tí kì í ṣe mọ̀lẹ́bí mi wọ abẹ́ aṣọ kan náà. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta rẹ̀, mo dojú lẹ́ǹsì kọ àlàfo yẹn, mo fi ibi tí agégẹdú máa tẹ̀ hàn án, mo sì fi àgọ́ sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì. Mo lọ jókòó sẹ́yìn ọ̀pẹ kan. N ò lè rí ihò láti ibẹ̀.

A ń retí akọ. Ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ń kùn lọ́nà jíjìn. Èèrà ń gun ẹsẹ̀ mi, n ò mira.

"Bàbá, ẹ gbẹ́sẹ̀ yín kúrò lórí tèmi."

"Ìwọ lo fẹ̀ jù."

Oòrùn ń gòkè. Ẹ̀rù mìíràn wá bà mí: bí ọdẹ bá ti pa akọ ńkọ́? Ebi ni yóò pa abo yẹn nínú ihò, yálà wọ́n gé igi tàbí wọn ò gé e. Mo gbàdúrà láìgbóhùn jáde. Olúwa, Ìwọ lo mọ ibi tó wà. Mú un padà.

Fèrè lọ́ọ̀rì dún lẹ́nu ọ̀nà oko.

"Ó ti dé," ni Bàbá wí. Mo gbọ́ tí aṣọ ń mì, ó ń dìde.

Nígbà náà ni ìró apá ẹyẹ kan kọjá lórí mi, bí ìgbà tí èèyàn ń gbọn aṣọ tó gbẹ.

"Ẹ jókòó!" ni agégẹdú sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Aṣọ àgọ́ tún mì, Bàbá jókòó. Lẹ́yìn náà, kámẹ́rà bẹ̀rẹ̀ sí í dún: kà, kà, kà, kò dáwọ́ dúró.

"Ó fún un! Ẹnu ẹ̀ yọ, ó gbà á! Ẹyìn ló gbé wá, Bàbá, ẹyìn pupa!"

Bàbá jáde, ó gbọn fìlà rẹ̀, ó wo igi náà pẹ́. "Má gé e. Títí wọ́n á fi jáde o. Mi ò sọ pé títí láé."

Lọ́ọ̀rì padà lófìfo. Agégẹdú ń mi orí. "Ọkọ tó ṣe báyìí, ta ló máa wó ilé lé ìyàwó ẹ̀ lórí?"

Àwòrán náà wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù mi ní Àdìgbẹ. Ó dagun díẹ̀, ewé kan sì bo ìrù akọ. Bí oníbàárà bá yìn mí, mo máa ń sọ pé agégẹdú ló yà á.

Nígbà tí abo náà ti fọ́ ẹrẹ̀ ẹnu ihò, Bàbá ránṣẹ́ pè mí. "Fi ojú gígùn rẹ yẹn wò ó." Mo wò ó, mo tún un wò, mo ń retí kí n rí ohunkóhun tó ń mira. Bàbá àti agégẹdú dúró, wọ́n ń wo ẹnu mi. Wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ tiwọn ṣẹ, ó ku tèmi.

"Ó ti ṣófo, sà."

Agégẹdú fa okùn ẹ́ńjìnnì. Mo tú kámẹ́rà kúrò lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì yára rìn kí igi tó wó.